“Sati” Kì Í Ṣe “Safe”: Sí Àṣíátù, Lórí Oògùn Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Mabera, Sókótó
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Àṣíátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ilé. Ìkíni ti tán. Ara mi le, àyà mi nìkan ni kò tíì balẹ̀, ìwọ náà sì mọ ohun tó fà á.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé láti Mabera sí Minanata tí ẹ ń gbé, ìrìn tí kẹ̀kẹ́ ń rìn kí ooru tó mú èèyàn, ni ìyá rẹ ti jókòó tó ń kọ lẹ́tà. Rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. Fóònù ló kó wa sínú wàhálà yìí, mi ò sì ní fi fóònù tún un ṣe. Ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, o ò ní lè sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ àná. O ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ Ìdírísù kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa fún Ìyá ní oògùn. Ọwọ́ mi ò ní kàn án mọ́ láéláé. Tí kò bá gbà, màá wá sílé.” Ilé wo? Ilé tèmi yìí? Haba, Àṣíátù! Làálì ìgbéyàwó kò tíì parẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ, o fẹ́ kó ẹrù padà wálé nítorí páálí oògùn. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo gbé fóònù jù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún lọ gbé e, mo tún un kà. Inú bí mi, àánú rẹ sì ṣe mí, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Wọ́n á dá ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀ ní ọsibítù lọ́la. Mo fẹ́ kí o ti ka lẹ́tà yìí tán kí Àlájà tó wọlé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe lọ, torí gbogbo yín lẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ṣe ló já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Oríkèé ń dun Àlájà. Dókítà wò ó, ó kọ oògùn fún un. Ọkọ rẹ lọ rà á ní kẹ́mísì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kasuwar Kara. Ẹni tó ta á fún un sọ ọ́ yékéyéké ní Hausa pé “sau ɗaya a sati”, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìdírísù gbọ́, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé e lọ sí Gusau lọ́jọ́ náà gan-an, ló bá fi oògùn rán oníkẹ̀kẹ́ sí ọ, ó sì pè ọ́ láàárín ariwo ọjà. Dípò kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní Yorùbá pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni, bí ẹni tó ta oògùn ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe tún un sọ: “sau ɗaya a sati.” Ìwọ ní tìrẹ gbọ́ “sau ɗaya da safe”. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀. Sati, safe. Ọ̀sẹ̀, òwúrọ̀. Ìró kékeré báyìí ló sọ oògùn di májèlé.

Mi ò bá ọ jà pé o ṣì í gbọ́. Ẹni tí wọ́n bí sí Sókótó yìí bíi tèmi náà lè ṣì í gbọ́. Ohun tí mo ń bá ọ jà lé lórí ni pé ohun tí kò ṣeé ṣì gbọ́ wà nínú páálí, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ká a, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, o kò sì kà á.

Mo rántí ọjọ́ Sátidé tí mo wá kí yín. Mo gbé fùrá wá fún Àlájà. Ó tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rọra gbé igbá náà sílẹ̀. Mo ní kó la ẹnu, ó kọ́kọ́ ń tijú. Nígbà tó là á, egbò ni gbogbo inú ẹnu rẹ̀. Àmì dúdú-dúdú wà lápá rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ní ata ni, o ní ooru ni, o ní ẹ ti fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́.

Mo bi ọ́ pé oògùn wo ló ń lò. O rìn lọ pẹ̀lẹ́, o gbé àwo gíláàsì kékeré kan wá, tí o fi aṣọ oníkróṣé bò. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn wà nínú rẹ̀ níhòòhò, kò sí páálí, kò sí ìwé.

“Ìgbà wo ló ń lò ó?”

“Láràárọ̀ ni, Mọ́mì. Mi ò yẹ̀ ẹ́ rí.”

O rẹ́rìn-ín sí mi. O ń retí kí n yìn ọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di ìsinsìnyí.

Mo ní, “Ìwé rẹ̀ ńkọ́?”

O ní, “Ìwé wo?”

Páálí ti lọ sínú iná kóòlù. Ìwé inú rẹ̀, o ní o ò rántí. Èmi ni mo rí i, nígbà tí mo fẹ́ gbé àwo rẹ yẹn lé orí tábìlì tí tábìlì náà kò mì bó ṣe máa ń mì. Mo wo abẹ́ rẹ̀. O ti ká ìwé náà mọ́ra, o ti fi í há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà máa mì. Ó dáa, tábìlì dúró gbọn-in. Ìyá ọkọ rẹ ló kù díẹ̀ kó ṣubú.

Mo wọ awò ojú mi, mo tẹ́ ìwé náà sórí itan. N ò wá a jìnnà. Lókè pátápátá, nínú ìlà tí wọ́n fi yí i ká bíi fèrèsé, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fún àìsàn oríkèé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí èèyàn lò ó, pé kò gbọdọ̀ lò ó lójoojúmọ́, pé àṣìlò bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn. Wọ́n kọ egbò ẹnu síbẹ̀. Wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ tó ń ti abẹ́ awọ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀ ń fi omi iyọ̀ fọ̀ láti ọjọ́ yìí, ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà nínú ìlú yìí. Ọmọ tèmi fi ìwé há tábìlì.

Ìyókù, àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀: kẹ̀kẹ́, ọsibítù, ojú dókítà nígbà tó gbọ́ “láràárọ̀”, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń lé oògùn. Ọlọ́run yọ wá. Ọpẹ́ ni fún un. Ó ti wá tó àkókò kí a sọ̀rọ̀.

Èkíní. Ìwé inú páálí kì í ṣe ìdọ̀tí. Má yọ oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀ mọ́ kó lè rẹwà. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó gbogbo oògùn ilé jọ sínú agolo mílíìkì kan ṣoṣo, tó bá ti ń wá ti orí fífọ́, á máa gbọ̀n ọ́n létí bí ẹni tó ń ta ayò. A ò mọ èwo lèwo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ agolo yẹn bá a lọ, àfi bí mo ṣe rí àwo gíláàsì rẹ.

Èkejì. Mọ orúkọ oògùn. Orúkọ méjì ló wà lára páálí. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè tà. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré ni orúkọ oògùn náà fúnra rẹ̀. Ti Àlájà, methotrexate ni. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, lẹ́tà kan má ṣàì pé, torí àwọn oògùn kan wà tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì, iṣẹ́ wọn kò sì jọra rárá. Bí Ìdírísù bá tún lọ rà á lóṣù tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ páálí pupa ni wọ́n máa gbé fún un dípò búlúù, pẹ̀lú orúkọ ńlá mìíràn. Orúkọ kékeré yẹn ni kó wò. Kó sì wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, torí ìyẹn ló ń sọ bí hóró kan ṣe lágbára tó. Hóró méjì lè rí bákan náà lójú kí ọ̀kan lágbára ju ìkejì lọ fíìfíì. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ọgbọ́n orí ṣírò, ẹ padà sọ́dọ̀ apòògùn.

Ẹ̀kẹta. Tí ìwé bá sọnù, tàbí tí o bá tún ti lò ó tún àga ṣe, wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. O ń wá aṣọ níbẹ̀, o ń wá bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì alágbọn níbẹ̀, o sì ń rí i. Tẹ orúkọ kékeré náà, kí o sì fi kún un pé ìwé àlàyé oògùn lò ń wá. Lẹ́yìn náà, wo ẹni tó ni ojú ewé tí o ṣí. Tí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà, tàbí àjọ ìjọba tó fọwọ́ sí títà rẹ̀, kà á. Tí ó bá jẹ́ ẹnì kan tó kàn ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun lò ó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì na, pa á dé. Èyí tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ kiri lórí Wáàsáàpù, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn”, mo bẹ̀ ọ́, má fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀.

Irú ìwé méjì lo máa bá pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan gùn, wọ́n kọ ọ́ fún dókítà àti apòògùn. Èkejì kúrú, wọ́n kọ ọ́ fún ẹni tó ń lo oògùn. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kúrú. Wo ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, torí wọ́n máa ń rí nǹkan tuntun kọ kún un.

Mo ti gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ. “Mọ́mì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré.” Òótọ́ ni. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo wò títí tí wọn kò wò mí padà. Ṣé ohun tí mo wá ṣe ni pé kí n fi há tábìlì? Mo fi bírò fàlà sábẹ́ wọn, mo gbé e lọ bá apòògùn ọsibítù, mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹni tó bá béèrè ni òun ń fẹ́.

Ohun márùn-ún ni kí o kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà, ìyókù lè dúró dè ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tó wà nínú fèrèsé lókè. Iye tí èèyàn ń lò, àti ìgbà tó ń lò ó. Àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó. Àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ bá a pàdé nínú ara. Àti àmì tó ń sọ pé kí a sáré lọ sí ọsibítù.

Lórí ti àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó: aboyún wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ lò ó, wọ́n sì ní kó má fọwọ́ kan èyí tó bá ti fọ́ tàbí tí wọ́n lọ̀. Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Mo kàn ní kí o bi apòògùn bí ó ṣe yẹ kí ìyàwó tuntun mú un, kí o sì má lọ̀ ọ́ mọ́ oyin fún ẹnikẹ́ni.

Lórí ti àwọn oògùn mìíràn: tú abẹ́ ìrọ̀rí Àlájà wò. Mo fẹ́ràn àna mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Oògùn ara ríro kan wà tó ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri nínú abọ́, ìgò àgbo kan sì wà tí ó ń pè ní omi lásán. Kó gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà wò, torí àwọn oògùn ara ríro kan wà lára àwọn tí ìwé ní kó má bá a pàdé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Èwo la wá dé? Ẹ̀karùn-ún ni àbí ẹ̀kẹfà? Jẹ́ ká má kà á mọ́.

Ìwé náà kò rọ́pò dókítà. Mo ń sọ èyí nítorí àbúrò ọkọ rẹ obìnrin, tó ka gbogbo aburú tí wọ́n kọ sínú ìwé tán lójú mi ní ọsibítù, tó ní kí wọ́n da oògùn náà sí kòtò. Oògùn yẹn ni dókítà fẹ́ fi wo oríkèé Àlájà, àṣìlò wa ló bà á jẹ́. Bí ohun tí dókítà sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, má dá a dúró fúnra rẹ, má sì máa bá a lọ bíi pé o ò rí i. Béèrè. Dókítà ní àwọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ Jímọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ padà. Títí di ìgbà náà, hóró kan ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn fún ọ lórí fóònù, tún un sọ padà fún un, kí o sì dárúkọ ọjọ́. Mo ti bá ọkọ rẹ wí ní tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní “Mọ́mì, ẹ má bínú.” Mo ní kó dìde, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Jímọ̀.

Mo wá fẹ́ sọ ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an. O ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá Àlájà dúró sí ọsibítù, ìwọ lọ wá omi gbígbóná. Ó fà mí lápá. Ó ní, “Ìyá Àṣíátù, mo mọ̀.”

Mo ní, “Kí lẹ mọ̀?”

Ó ní, “Dókítà ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé Jímọ̀-Jímọ̀ ni. Létí mi báyìí ló ṣe sọ ọ́.”

Mo wò ó. Mo ní, “Àlájà, kí ló wá dé tí ẹ ń gbé e mì láràárọ̀?”

Ó ní, “Ọmọ náà á ti kúnlẹ̀. Á fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi, á gbé oògùn sórí àwo kékeré yẹn, á ní ‘Ìyá, oògùn yín rè é.’ Ìyàwó tuntun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n ṣe? Mo ní bóyá wọ́n ti yí i padà. Kunya ló mú mi.”

Kunya, Àṣíátù. Ìtìjú ilẹ̀ Hausa tí àwa tí wọ́n bí síbí ti kọ́ ju àwọn tó ni ín lọ. Ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbé e mì, nítorí kó má baà dójú tì ọ́. Ìwọ náà kò bi í léèrè, torí o rò pé ọmọ kì í bi àgbà ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n ti ní kó ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ yẹn, mo sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín títí ẹnì kan fi fẹ́ẹ̀ kú. Mo pariwo mọ́ ọn níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ara tó ń dùn ún. Mo ní, “Kai, Àlájà! Ṣé ìtìjú lẹ fẹ́ bá wọ sàréè?” Ó fi ẹnu egbò yẹn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sunkún, èmi náà sì sunkún.

Mo wá sọ fún un nípa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, nígbà tí mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Má bínú, mo sọ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò ní gba oògùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ọmọ tí òun bí. Ó ní ọwọ́ rẹ ni òun fẹ́. Nítorí náà, o ò ní wá sílé mi. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún ọ nígbàkígbà, àmọ́ tí o bá tìtorí èyí wá, fùrá ni màá fún ọ mu, lẹ́yìn náà màá pe kẹ̀kẹ́ tí yóò dá ọ padà.

Mo ti bá Àlájà ṣàdéhùn. Nígbà tí dókítà bá sọ Jímọ̀ náà, kí Ìdírísù ra páálí tuntun, kí o gbé e wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ nínú, ka ibi tó wà nínú fèrèsé yẹn sókè sí i létí ní Yorùbá. Kúnlẹ̀ bí o ṣe máa ń kúnlẹ̀, mi ò ní kí o dá a dúró. Kó tó la ẹnu, yóò bi ọ́ pé, “Ìyàwó, ọjọ́ wo lòní?” Má rò pé ó ń dán ọ wò. Dá a lóhùn. Tí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ Jímọ̀, kó lò ó. Tí kò bá jẹ́ Jímọ̀, dìde kí o dá a padà sínú páálí.

Mo mọ̀ ọ́n, ojú á tún máa tì í, á fẹ́ kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ kó gbé e mì. Má fún un. Di àwo náà mú, kí o sì wà lórí eékún rẹ níbẹ̀ títí yóò fi béèrè.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ.